Ẹ Má Fi Ẹni Tí Ẹ Fún Lẹ́bùn Ṣe Ẹlẹ́rìí
Ìlàlóye fún ará Ẹdẹ tó fẹ́ fi ẹ̀bùn àánú sínú ìwé ìhágún

Ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu pé mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ọmọ aláìlóbìí tàbí ilé ìwé kan yóò rí nǹkan gbà nínú ohun tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin la kọ èyí sí. Iṣẹ́ rere lẹ fẹ́ ṣe. Ó ń dùn wá bí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń bọ́ sọ́nù sójú ọ̀nà, pàápàá nítorí ẹlẹ́rìí.

Ta ni kò gbọdọ̀ jẹ́rìí?

Òfin ní kí ẹni tó ni ìwé fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a bá kọ ẹ̀bùn fún nínú ìwé yẹn ti pàdánù ẹ̀bùn náà. Bó bá sì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí la kọ ọ́ fún, bákan náà ni. Ìwé yóò dúró, ẹ̀bùn ni yóò ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá kan tó fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ kéwú. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ilé kéwú náà kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ni bàbá bá kọ owó náà sí orúkọ alága wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìfọwọ́sí pé, ta ni bàbá ránṣẹ́ pè? Alága yìí náà ni, nítorí ó fọkàn tán an. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ̀bùn náà ti kú, bàbá ò sì mọ̀. Owó yóò padà sínú ogún, àwọn ọmọ kéwú yóò sì máa jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Alága ò jalè, ohun tó wà lọ́kàn bàbá ò sì yí padà. Ibi tí orúkọ wà nìkan lòfin ń wò.

Wọ́n máa ń bi wá pé, bó bá jẹ́ ìjọ fúnra rẹ̀ la kọ ẹ̀bùn fún, tí pásítọ̀ sì jẹ́rìí ńkọ́? Ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí pásítọ̀ rẹ̀ lójú òfin, nítorí náà ẹ̀bùn náà lè dúró. Síbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí inú ń bí lè lọ sọ fún adájọ́ pé pásítọ̀ ló fipá mú bàbá òun, ẹjọ́ yóò sì fa ọdún gbọọrọ. Ẹ pe aládùúgbò, tíṣà ọmọ yín tàbí nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tí orúkọ òun tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe yìí, ẹ tún ìwé náà ṣe níṣojú ẹlẹ́rìí tuntun nígbà tí ẹ ṣì wà láyé.

Orúkọ ẹni tí yóò gbà á

“Mọ́sálásí àdúgbò wa” kò tó. Mọ́sálásí mélòó ló wà láàárín Òkè-Gádà àti Ọjà Tìmì? Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí tí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, fún wọn ni kí ẹ kọ, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí wọn ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é. CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, fàyè gbà á. Ẹ̀bùn tí ọ̀nà rẹ̀ bá mọ́ a máa pẹ́ láyé: Richard Beale Blaize, oníṣòwò Èkó tó kú ní 1904, fi owó sílẹ̀, wọ́n sì fi dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ilẹ̀ ẹbí

Kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ ò lè fi tọrẹ.

Mùsùlùmí

Lẹ́yìn owó ìsìnkú àti gbèsè, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù ni wàsíyà, ìyẹn ẹ̀bùn inú ìwé ìhágún, mọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí àwọn ajogún fọwọ́ sí i. Ẹ bi àfáà, kí ẹ sì bi lọ́yà.

Owó ẹnu géètì

Ìwé ìhágún kò nílò òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó òǹtẹ̀ lẹ́nu géètì kọ́ọ̀tù, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá wù yín, ẹ lè fi ìwé náà pamọ́ sí Prọ́béètì, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwé ìhágún, ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Òṣogbo. Inú ọ́fíìsì ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Ẹni tó bá a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sí i létí lédè tó gbọ́, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti kọ̀wé ti sọ ìwé náà di asán. Ti ìbílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti kọ́ọ̀tù lẹ ṣe, ẹ kọ òmíràn.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú ìwé ilé tàbí ti ilẹ̀ yín dání, àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àwọn tí ẹ fẹ́ fún lẹ́bùn. Ẹ má tíì mú ẹlẹ́rìí wá o, àfi tí a bá ti jọ wo gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé náà tán.