Bí A Ṣe Lè Fi Owó Díẹ̀ Ṣe Ẹ̀rọ Tí Ń Bu Omi Sí Àpótí Ẹja Òkun

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná rí, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: omi a gbẹ, iyọ̀ a kù, ọbẹ̀ a sì níyọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú àpótí gíláàsì tí a ń sin ẹja òkun sí. Omi ń bá afẹ́fẹ́ lọ lójoojúmọ́, pàápàá ní ibi tí ooru mú tàbí tí fáànù ń fẹ́ sí ojú omi. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Nǹkan bí gíráàmù 35 ni iyọ̀ tí ó wà nínú lítà kan omi òkun. Bí àpótí bá gba lítà 200, iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7,000. Bí lítà 4 bá ń gbẹ lójúmọ́, tí onílé sì lọ sí ìrìn àjò ọjọ́ 5, lítà 20 ti lọ. Gíráàmù 7,000 náà ṣì wà nínú lítà 180 tí ó kù, èyí tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 39 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹja mìíràn lè fara dà á, ṣùgbọ́n ó lè pa edé àti iyùn. Bí onílé bá sì dé, tí ó da lítà 20 lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ìpalára kejì ni ó tún ṣe fún wọn.

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí á máa dá omi tí ó gbẹ padà, kí ó sì jẹ́ omi aláìníyọ̀ tí a ti sẹ́ mọ́, tí kò ní kiloríìnì. Ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ wáyà í so lè ṣe tirẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn Ohun Èlò

Bátìrì fóólìtì 12, irú ti ọkọ̀, ni kí ẹ lò. Iná rẹ̀ kò léwu lẹ́bàá omi iyọ̀ bí iná inú ilé, ẹ̀rọ náà kò sì ní dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá pọ́ǹpù kékeré fóólìtì 12, súìṣì tí ń léfòó lójú omi, àti rílè, irú èyí tí àwọn rewáyà ń lò fún họ́ọ̀nù ọkọ̀.

Nínú ọ̀pá súìṣì náà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà. Òòfà sì wà nínú bọ́ọ̀lù tí ó yí ọ̀pá ká. Bí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù a bá a lọ, òòfà a mú irin méjèèjì kanra, iná a sì kọjá. Ṣùgbọ́n irin wọ̀nyí kò lè gbé iná tí pọ́ǹpù ń fà. Bí a bá fi dandan mú wọn, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù kò sì ní dákẹ́ mọ́. Ìdí rèé tí a fi ń lo rílè: súìṣì ń rán iná kékeré sí i, òun a sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá.

Bí A Ó Ṣe So Ó

Ẹ mú wáyà láti orí bátìrì tí ó ní àmì +, ẹ fi fíúsì ámípù 3 sí i nítòsí bátìrì, kí ẹ sì pín in sí méjì. Ẹ̀ka kan yóò lọ sí ẹsẹ̀ rílè tí a kọ 30 sí. Ẹ̀ka kejì yóò gba inú súìṣì lọ sí ẹsẹ̀ 86. Láti ẹsẹ̀ 87 ni iná yóò ti lọ sí pọ́ǹpù. Ẹsẹ̀ 85 àti wáyà kejì pọ́ǹpù yóò padà sí orí bátìrì kejì. Ẹ so dáyóòdù 1N4007 sí àárín ẹsẹ̀ 85 àti 86, kí apá tí ìlà funfun wà kọjú sí 86. Òun ni yóò dáàbò bo súìṣì nígbà tí rílè bá jáwọ́.

Ohun Tí Ó Ṣe Pàtàkì Jù Lọ

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, kí á tó bèèrè bí yóò ṣe ṣiṣẹ́, ó yẹ kí á bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọ̀ láti dákẹ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni kí pọ́ǹpù ti máa fa omi. Ẹ má ṣe so ó mọ́ táǹkì ilé láéláé. Bí súìṣì bá há, tí gbogbo omi kẹ́ẹ̀gì sì wọ inú àpótí, iyọ̀ yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí gíráàmù 33, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkun lè fara dà. Ẹ sì fi àyè tí yóò gba lítà 10 náà sílẹ̀ lókè àpótí. Ọmọ ilé kan lè máa bu omi kún kẹ́ẹ̀gì ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ó má baà gbẹ, kí pọ́ǹpù sì jóná.

Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, nísàlẹ̀ àpótí, kí ẹnu rọ́bà tí omi ń gbà sì wà lókè ojú omi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lè máa ṣàn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí pọ́ǹpù ti dákẹ́. Ẹ fi ike tí a lu ní ihò bo súìṣì, nítorí ìgbín òkun a máa gun bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ máa fi ọtí kíkan fọ iyọ̀ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbà tàbí idẹ kan omi náà, nítorí bàbà tí ó bá yòrò sínú omi ń pa edé àti ìgbín.

Kí ẹ tó gbé e sínú àpótí, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú garawa fún odindi ọjọ́ kan. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹ̀rọ ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́ ni, kò gba ipò rẹ̀.