Ẹ̀rọ Ìhun Súwẹ́tà Nínú Ilé: Ibi Tí Èrè Ń Gbà Jò

Lórí ojú-ìwé òwò wa lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìyá àti àǹtí wa ní Stockwell, Brixton àti Peckham ń ṣe nínú yàrá ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: fífi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ wa ló wọ súwẹ́tà ilé-ìwé tí ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ títì fi ẹ̀rọ hun. Níhìn-ín, ìsọmọlórúkọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan á hun fìlà àti súwẹ́tà fún ọmọ tuntun, àwọn àlejò á rí i, wọ́n á ní kí ó bá àwọn náà hun ún. Kí ọdún tó yípo, ó ti di òwò. Nígbà tó bá yá, wọ́n á wá bá èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìṣirò owó: “Àǹtí, mò ń tà, ọwọ́ mi ò sì dilẹ̀. Kí ló dé tí n kò rí owó?”

Mo ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ irú wọn wò tó láti mọ̀ pé owó náà kì í sábà sọnù lórí ẹ̀rọ. Orí tábìlì ni ó ń sọnù sí, níbi tí a ti ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán súwẹ́tà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí kò dára kò ní jẹ́ kí a tilẹ̀ dé orí tábìlì.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní abẹ́rẹ́ 200, àlàfo láti abẹ́rẹ́ kan sí ìkejì sì jẹ́ mìlímítà 4.5. Òwú tín-ín-rín ni wọ́n ṣe é fún, 4-ply àti èyí tó kéré sí i. Ẹni tí ó bá ń fi òwú double knitting sí gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ̀rọ, ó sì ń fìyà jẹ èjìká ara rẹ̀. Òwú tó nípọn ní ẹ̀rọ tirẹ̀: LK150 ti Silver Reed ní abẹ́rẹ́ 150 pẹ̀lú àlàfo mìlímítà 6.5, àwọn tí wọ́n ń pè ní chunky sì jẹ́ mìlímítà 9. Ní ti Brother, ilé-iṣẹ́ náà ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ ìhun inú ilé láti àwọn ọdún 1990, nítorí náà àlòkù ni gbogbo èyí tí ẹ bá rí lónìí. Tòkunbọ̀ ni à bá pè é ní ilé.

Kí ẹ tó sanwó àlòkù, ọ̀pá pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́, òun ni ó ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fà á yọ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó. Bí fóòmù náà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin, abẹ́rẹ́ yóò máa gbéra, ojú ìhun yóò máa já bọ́, carriage tí à ń fà lọ fà bọ̀ lórí abẹ́rẹ́ yóò sì máa há. Ọ̀pá náà kò wọ́n láti pààrọ̀. Àwọn ènìyàn ti ta ẹ̀rọ gidi ní owó ẹ̀fọ́ nítorí pé wọn kò mọ̀ pé fóòmù lásán ni ó kú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ fi ra ọjà tó rọjú. Bí carriage bá há, ẹ má ṣe fi agbára fà á, torí abẹ́rẹ́ ni yóò tẹ̀. Ẹ tú ṣukúrù tó de awo iwájú rẹ̀, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ to abẹ́rẹ́ padà sí ipò.

Ẹ ronú nípa ará ilé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ní Stockwell ń gbé nínú fúláàtì, ariwo carriage sì máa ń gba inú ilẹ̀ kọjá. Rọ́ọ̀gì tó nípọn lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ń ṣèrànwọ́, àmọ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi.

Ìkejì ni ègé àyẹ̀wò, èyí tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ràn. Ẹ hun ojú ìhun 60, ìlà 60, kí ẹ fi òwú àwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú ìhun 40 láàárín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé irin wíwúwo tí a so mọ́ ìdí aṣọ máa ń fà á gùn. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n bó ṣe já kúrò lórí ẹ̀rọ, irọ́ ni ó ń wọ̀n. Bí ojú ìhun 30 bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ̀yìn súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28 yóò gba ojú ìhun 84. Wákàtí díẹ̀ ni ègé yìí ń gbà, odindi súwẹ́tà tí kò wọ ọmọ ni ó sì ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ kan: òwú £3.75, bọ́tìnnì £1.20, lébẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá 55p. Àpapọ̀ rẹ̀ £5.50. Híhun gba wákàtí kan àtààbọ̀. Rírán pọ̀, pẹ̀lú ọrùn àti etí iwájú, gba wákàtí méjì àtààbọ̀. Fífọ̀ àti títẹ́ gba ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá tà á ní £20, £14.50 ni ó kù fún wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀, ìyẹn £3.22 fún wákàtí kan. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní April 2025 fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 jẹ́ £12.21. Òfin yẹn kò kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi wọn òwò wò. Bí ẹ bá fẹ́ san iye yẹn fún ara yín, súwẹ́tà náà á lé ní £60, kò sì sí ẹni tí yóò rà á.

Àwọn ahunṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ń hun, rírán ọ̀já pọ̀ di aṣọ sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí ó ní owó tirẹ̀. Àwa ni a ń ṣe iṣẹ́ méjì tí a ń gba owó ẹyọ kan.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ̀rọ ṣe ìránpọ̀ náà. Ẹ má ṣe pa ojú ìhun èjìká. Ẹ fi òwú àṣẹ́kù hun ìlà mélòó kan lé e, kí ẹ já a kúrò. Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ti parí, ẹ gbé èjìká méjèèjì padà sórí abẹ́rẹ́ kan náà, kí ojú rere wọn kọjú sí ara wọn, ẹ hun ìlà kan tó dẹ̀ gba méjèèjì kọjá, kí ẹ wá pa ojú ìhun pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kó etí ihò apá sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ hun apá láti òkè sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ohun tí ó kù fún abẹ́rẹ́ ọwọ́ kò ju ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn ọwọ́ dé abẹ́ apá dé ìdí. Etí iwájú pẹ̀lú, orí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kó o sí. Ẹni tí kò ní ribber lè hun ìdí súwẹ́tà ní ìlọ́po méjì, kí ó gbé ìlà àkọ́kọ́ padà sórí abẹ́rẹ́, kí ó máa hun lọ: ìṣẹ́po etí ti parí láìlo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rárá.

Ìránpọ̀ wákàtí méjì àtààbọ̀ lè wá di wákàtí kan. Bí ẹ bá tún hun mẹ́fà papọ̀ ní àwọ̀ kan, ẹ̀yìn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, apá méjìlá lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ lè sún mọ́ wákàtí méjì àtààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní £35, èyí jẹ́ £11.80 fún wákàtí kan. Ẹ̀ẹ́dógójì pọ́n-ùn kò pọ̀ fún ohun tí ilé ìtajà ńlá kò lè tà: orúkọ ọmọ ní àyà, tàbí àwọ̀ tó bá aṣọ ẹbí mu.

Ẹ̀ṣọ́ kan kí n tó kúrò níbẹ̀: bí òwú bá jẹ́ acrylic, ẹ má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ooru á pa á, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò sì ní padà mọ́.

Ní ti owó-orí, láti April 2017 ni ẹni tí gbogbo owó tó wọlé fún un láti inú òwò kò ju £1,000 lọ́dún kò ní láti san owó-orí lórí rẹ̀. Owó tó wọlé ni o, kì í ṣe èrè. Ọdún náà ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 April. Bí ó bá kọjá £1,000, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC kí ó tó di 5 October tó tẹ̀lé òpin ọdún náà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì òwú. Ẹni tó ń gba Universal Credit gbọ́dọ̀ sọ owó òwò rẹ̀ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, torí £1,000 yẹn kò gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí mo ti rí i tí ẹkún ń sọ nìyẹn.

Lébẹ́ẹ̀lì ni ó kù. Òfin ilẹ̀ yìí ti 2012 ní kí aṣọ tí à ń tà ní àmì tó sọ irú òwú tó wà nínú rẹ̀ àti ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe ju bébà ara kóònù nù kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.