Bí alùpùpù bá dá obìnrin wólẹ̀: báwo ni ìgboyà ṣe ń padà?

Ní oríta Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Adó-Èkìtì ti yà kúrò lára ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó fẹ́ wọlé sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹni tó ń gbé kòkó bọ̀ láti oko, ẹni tó ń kó ọjà lọ sí abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, ọ̀kadà ni gbogbo wọn ń wò. Obìnrin pọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Àwọn tó mú ọwọ́ rẹ̀ dání níwájú ni kò pọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kò ní pẹ́ tí alùpùpù náà yóò fi ṣubú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Irú ìṣubú yìí kì í sábà pa ni lára. Alùpùpù dúró tàbí ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì sùn sílẹ̀. Ohun tó máa ń fọ́ níbẹ̀ ju dígí ìwẹ̀yìn lọ ni ìgboyà ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí ọkùnrin bá ṣubú, àwọn tó ń wò ó á ní títì ni kò dáa. Bí obìnrin bá ṣubú níbẹ̀ náà, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì, ìdí rẹ̀ kò sì ní í ṣe pẹ̀lú akọ tàbí abo.

Kí ló dé tó fi ń ṣubú nígbà tí kò sáré?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré ló léwu jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Lóòótọ́, eré ló ń pa ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ nípa kí alùpùpù kàn sùn sílẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá ti ń sáré dáadáa máa ń fẹ́ dúró fúnra rẹ̀: bó bá fì sí apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ iwájú á yí díẹ̀ sí ọ̀tún, á sì gbé e padà nàró. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun tó ń fà á fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2011, àwọn olùwádìí láti Delft ní Netherlands àti Cornell ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n fi hàn pé kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè dárúkọ pé òun ló ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró. Yíyí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kọ́, bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ iwájú sípò nìkan sì kọ́. Bí ìwúwo rẹ̀ ṣe pín pàápàá wà níbẹ̀.

Tí eré bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀, ìrànlọ́wọ́ yìí á dáwọ́ dúró. Ọwọ́ àti ara ẹni tó ń wà á ló kù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń wa alùpùpù tipẹ́tipẹ́ fi lè jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun níbi tó ti fẹ́ gbé e dúró.

Ìṣirò kékeré kan á jẹ́ kó yé wa sí i. Irú ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa wọn bíi kílò 110. Ká ní àárín ìwúwo rẹ̀ ga ní ìdajì mítà láti ilẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ga ní mítà kan. Bó bá fì ní dígíríì márùn-ún péré, agbára bíi kílò márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó láti dá a dúró. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Bó bá ti fì dé ọgbọ̀n dígíríì, ó ti di kílò 27, ó ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ènìyàn sì fi dúró nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ìfì ni à ń mú un. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kí a jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa lọ, kí a sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Irin ṣeé tún ṣe. Ọrùn ẹsẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jinná.

Ibo ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀?

Àkọ́kọ́ ni bíréèkì ọwọ́. Tí ọwọ́ alùpùpù bá ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ènìyàn wá fún bíréèkì iwájú pọ̀ lójijì, kíá ló máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ tó yí sí. Níbi ìrìn jẹ́jẹ́, bíréèkì ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lò, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà gbọọrọ ká tó dúró.

Èkejì ni kí iná kú láàárín kọ́nà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì á kú, alùpùpù tó ti ń fì á sì parí ìfì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ilẹ̀ òkè. Láti Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n, gígùn ni ọ̀nà ń gùn. Níbi tí ọ̀dà bá sì ti já létí títì, ẹsẹ̀ lè wá ilẹ̀ kó má bá a níbi tó rò pé ó wà. Ẹni tó kúrú kò gbọ́dọ̀ máa wá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣe máa kanlẹ̀. Kó sún ìdí sí apá kan orí àga, kó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ kan tó.

Ẹ̀kẹrin ni aṣọ àti bàtà. Ìró tó bá há lára kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè yà, sílípáàsì á sì yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ṣòkòtò àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ó ti ṣubú. Báwo la ṣe ń gbé e dìde?

Pa iná ná, kí o sì ti ọ̀nà epo. Wo ara rẹ: ṣé orí kò kanlẹ̀, ṣé ọrùn ọwọ́ kò dun ọ́? Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá ilẹ̀, tí òòyì ń kọ́ tàbí tó ń bì, ilé ìwòsàn ló kàn. Tí sàlẹ́ńsà bá jó ọ lẹ́sẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni kí o dà sí i. Má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí ẹyin sí i.

Lẹ́yìn náà, wo ẹ̀gbẹ́ tó sùn sí. Tó bá jẹ́ ọ̀tún, kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ tó wà lápá òsì síta, kó má baà kọjá sí ìhà kejì nígbà tó bá dìde. Tó bá jẹ́ òsì, fi sí jíà kó má baà yí lọ. Yí ọwọ́ rẹ̀ pátápátá sí ìhà ilẹ̀. Kọ ẹ̀yìn sí i, lóṣòó, fi ìdí ti àga rẹ̀. Ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù tó wà nísàlẹ̀ mú, èkejì di irin tó lágbára mú lábẹ́ àga. Ẹ̀yìn á nà, ojú á wo iwájú, ẹsẹ̀ á wá máa tì í, kí o máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dìde. Itan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí kò sanra rárá fi lè gbé ohun tó wúwo jù ú lọ dìde.

Tó bá ti dúró, wo ọwọ́ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì bóyá wọ́n tẹ̀, wo ilẹ̀ bóyá epo ń kán. Ní sùúrù díẹ̀ kó o tó ta á, torí epo lè ti kún inú kábúrétọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn?

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí a tún un gùn lójú ẹsẹ̀, lórí òkè kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ara tí ẹ̀rù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, àyà á máa lù kìkì, ojú á sì máa rí ibi tí kò fẹ́ lọ nìkan. Ibi tí ẹni tó ń wa alùpùpù bá tẹjú mọ́ ló sì máa ń darí sí.

Ní 1977, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, Albert Bandura ti Yunifásítì Stanford, ṣe àlàyé tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò dòní lórí ibi tí ìgbàgbọ́ ènìyàn pé “mo lè ṣe é” ti ń wá. Ó kà á sí mẹ́rin: ohun tí ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí, ohun tó rí i tí ẹni tó jọ òun ṣe, ọ̀rọ̀ ìwúrí, àti bí ara ṣe rí lásìkò náà. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni àkọ́kọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa sì máa ń sáré sí ni ẹ̀kẹta: “Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ó mọ̀ ọ́n.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Níbí ni inúure wa ti máa ń ṣèdíwọ́. Kí obìnrin tó dìde nílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ti sáré dé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!”, wọ́n ti gbé e dúró, wọ́n ti ta á, ọ̀kan ti gùn ún lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà mú lọ sílé ni pé bó bá tún ṣubú níbi tí kò sí ènìyàn, ó tán. Lójú títì tí ọkọ̀ ń sá, ẹ bá a gbé e kíá. Ní pápá tó ti ń kọ́ ọ, ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbé e.

Àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ padà sórí rẹ̀, pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé ló dáa jù. Kó kọ́kọ́ tì í rìn láìtan iná, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Kí ẹnì kan dúró sí ìhà kejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ kó fì díẹ̀, kó tún fà á padà, títí ara rẹ̀ á fi mọ ibi tí ìwúwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tan iná, kó fi kílọ́ọ̀ṣì nìkan sún un lọ gbọọrọ láìfún un níná, kó dúró, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, kọ́nà tó fẹ̀ ló kàn, kí ó tó di èyí tó há. Gbígbéra lórí òkè àti ilẹ̀ olókùúta á tẹ̀ lé e. Títì gbẹ̀yìn, láìgbé èrò. Èrò àti ẹrù ṣì ń bọ̀.

Kò sí ìtìjú nínú bíbẹ̀rẹ̀ lórí alùpùpù tó fúyẹ́. Honda gbé Super Cub jáde ní 1958. Àárín rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù 100 nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì láti rò á lè kọ́kọ́ fi gbogbo ọkàn kọ́ bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń yà.

Akoto kò gbọ́dọ̀ wọ́n lórí, ní pápá pàápàá. Àyẹ̀wò Cochrane ti 2008 tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ rí i pé ó ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ìyẹn akoto gidi tí a so okùn rẹ̀. Kì í ṣe irú igbá tí àwọn ọlọ́kadà kan gbé borí ní oṣù kìíní 2009 nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé akoto.

Àwọn tó jọ wá

Orísun kejì tí Bandura kà, rírí ẹni tó jọ wá, ló ṣọ̀wọ́n jù ní oríta Ìwàràjà. Kò ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo. Ní Kútọnu àti Ouagadougou, obìnrin tó gun alùpùpù tirẹ̀ lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Nílùú Èkó, Jeminat Olumegbon àti Nnenna Samuila dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníalùpùpù tí wọ́n ń pè ní D'Angels sílẹ̀. Ní 2015, Olumegbon gun alùpùpù la orílẹ̀-èdè mẹ́jọ já ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ní 2024, Ebaide Udoh dá nìkan gun tirẹ̀ láti Mombasa ní Kenya wá sí Èkó. Nílẹ̀ òkèèrè, Bessie Stringfield, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti ń dá nìkan gun alùpùpù káàkiri ìpínlẹ̀ ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura kò gba aláwọ̀ dúdú.

Ṣùgbọ́n àwòrán ẹni tó ti dé Èkó kò tó fún ẹni tó ń bẹ̀rù kọ́nà ìta ilé rẹ̀. Ẹni tó máa wúlò fún un jù ni obìnrin àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tó lè fi ibi tí alùpùpù tirẹ̀ ti ha hàn án, tó sì lè sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì. Obìnrin méjì tó ń kọ́ ọ pọ̀ á tètè mọ̀ ọ́n ju ẹnì kan tí ọkùnrin márùn-ún yí ká lọ.

Kí ló yẹ kí olùkọ́ yí padà?

Bí a ṣe ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí ènìyàn gùn ún, kó ta á, kó máa lọ. Tó bá ṣubú, a ó mọ bí a ó ti ṣe é. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbígbé alùpùpù dìde ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí iná tó tan. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí koríko, kó ní, “Ó yá, Àǹtí, ẹ gbé e.” Ẹni tó ti gbé e dìde kó tó wà á rí, tó bá ṣubú lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ tó ti mọ̀ ló bá pàdé. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ fún un nígbà náà pé ilẹ̀ ti dájọ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.