Ìwé Ọjọ́ Méje àti Ajá Ayálégbé ní Samaru

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí ẹ bi mí nídìí ẹ̀rọ omi lánàá kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ méje nítorí ajá. Kẹ̀ẹ̀gì yín ti kún, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, n kò lè dáhùn tán. Ẹ jẹ́ kí n wá là á yé yín díẹ̀díẹ̀ báyìí, torí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Mo ti rí ìwé náà. Ojú ewé tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé ni, ìlà pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ pé kí ọmọbìnrin náà àti ajá rẹ̀ kúrò nílé kí ọjọ́ méje tó pé. Kò sí déètì lórí rẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà, ajá ló sì kọ́kọ́ rí i: ojú eyín rẹ̀ wà ní igun bébà náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé onílé kò láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé jáde. Kóòtù ló láṣẹ yẹn. Onílé lè ní ìdí tó dáa, ó tilẹ̀ lè jàre, ẹnu adájọ́ la ti máa gbọ́ ọ. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ. Onílé á kọ́kọ́ fún ayálégbé ní nótíìsì pé àdéhùn àwọn ń parí lọ, àfi tí àdéhùn náà bá ti parí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ìwé ọjọ́ méje ló tó lè pè é lẹ́jọ́.

Ìwé ọjọ́ méje yìí gan-an ló ń kó ìpayà bá àwọn èèyàn. Wọ́n á gbọ́ "ọjọ́ méje", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ohun tí ìwé náà ń sọ lójú òfin ni pé, "Tí ọjọ́ méje bá pé, mò ń lọ sí kóòtù láti gba ilé mi." Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sùn síta. Ní ọjọ́ kẹjọ, ayálégbé ṣì lè dáná, kó jẹun, kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó máa retí ìwé ìpẹ̀jọ́. Nótíìsì tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ka oṣù: ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù ní oṣù kan, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún bíi ti ọmọ yìí ní oṣù mẹ́fà, tí wọn kò bá ti jọ fọwọ́ sí nǹkan mìíràn nínú àgírímẹ́ǹtì. Owó tí ọmọ yìí san kò sì tíì tán.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni wọ́n ń fi agbára lé jáde o. Ní 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó kó ọlọ́pàá lọ lé Odumegwu Ojukwu, olórí Biafra àtijọ́, jáde nínú ilé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Adájọ́ Kayode Eso àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ayé ológun nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Tí gómìnà oníbọn kò bá lè ṣe é, ta ni ẹni tó ń yọ páànù orí ayálégbé, tó ń gé iná rẹ̀, tó ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn rẹ̀? Tí wọ́n bá sì ní àwọn ń mú ọlọ́pàá bọ̀, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ajá. Tí àgírímẹ́ǹtì bá ní kò gbọdọ̀ sí ẹran ọ̀sìn, ayálégbé ti rú àdéhùn, onílé sì lè tìtorí ẹ̀ fún un ní nótíìsì. Kóòtù náà ni wọ́n á ṣì gbà. Mo ka àgírímẹ́ǹtì ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì: kò sí ajá níbẹ̀, kò sí ológbò, kò sí adìẹ pàápàá.

N kò ní bo ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́lẹ̀. Zaria la wà. Ẹni tó ti ṣe àlùwàlá kò fẹ́ kí imú ajá kan aṣọ òun, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ nínú ìlànà Mọ́líkì tí àwọn Mùsùlùmí ìhín ń tẹ̀ lé, wọn kò ka ara ajá sí ẹ̀gbin, wọ́n sì gbà kéèyàn sin ín láti fi ṣọ́ ẹran, ṣọ́ oko tàbí ṣọdẹ. Ti ológbò tilẹ̀ rọrùn: ẹ rántí Abu Hurayra, ọmọlẹ́yìn Ànábì, tí ìnagijẹ rẹ̀ túmọ̀ sí bàbá ọmọ ológbò.

Ohun tó lè da ẹjọ́ rú fún olájá ni ìwà ajá náà: kó máa gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó máa ṣu sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì, kó bu ọmọ jẹ. Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn tí à ń fi ṣeré. Tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yìí gbé ajá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ahmadu Bello fún abẹ́rẹ́ ọdọọdún. Orúkọ ajá pàápàá ń dá ìjà sílẹ̀: ní 2016, ní Sango-Ota, ọkùnrin kan sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, orúkọ ààrẹ ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì gbé e dé kóòtù. Àwa Yorùbá tó fẹ́ràn láti máa fi orúkọ ajá ṣòwe, ká ṣọ́ra nínú ilé ayálégbé.

Lójú tèmi, ajá kọ́ ni ìjà yìí. Ọdún méjì ni ajá náà ti ń sùn ní ẹnu ọ̀nà yẹn, onílé ń kí i kọjá. Oṣù tó kọjá ló ní kí ọmọ náà fowó kún owó ilé, ọmọ náà ní òun kò ní. Yàrá kì í pẹ́ ṣófo ní Samaru, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Síbẹ̀, òfin kò dáàbò bo ẹni tó fẹ́ jókòó sílé onílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2021, nínú ẹjọ́ kan tó ti wà nílẹ̀ láti 1993, Adájọ́ Helen Ogunwumiju sọ ọ́ pé ayálégbé kò lè máa fara pamọ́ sẹ́yìn àléébù inú nótíìsì láti fi jẹ gbèsè owó ilé. Nítorí náà ni mo ṣe kìlọ̀ fún ọmọ yìí pé tí ọjọ́ owó bá pé, kó san iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, kó gba rìsíìtì. Tí onílé bá kọ owó, kó san án sínú àkáǹtì onílé ní báǹkì.

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí ẹ lọ, a kó rìsíìtì ọdún méjèèjì, àgírímẹ́ǹtì, káàdì abẹ́rẹ́ ajá àti bébà olójú eyín yẹn sínú ọ̀rá kan. Tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà ní ọ́fíìsì ní Kaduna. Àmọ́ ọ̀dọ̀ mai anguwa, olórí àdúgbò, la máa kọ́kọ́ lọ, ó ní ká wá lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù nínú àgbàlá yẹn, ẹ̀yin lẹ sì lè sọ fún un bóyá ajá náà ti gé ẹnikẹ́ni jẹ rí.