Bí A Ṣe Ń Wá Ejò Rí ní Àyíká Alákijà

Alákijà wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú agbègbè náà, ọ̀sà kò sì jìnnà sí i. Nígbà tí ìjọba kọ́ ìlú Festac sí ìtòsí ibẹ̀ fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò igbó. Síbẹ̀, ejò àti awọ́nrínwọ́n kò tíì kúrò níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko a máa wá irú ẹran afàyàfà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú ńlá láti mọ irú èyí tí ó kù. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò wúlò fún onílé pẹ̀lú.

Ibi Tí Wọ́n Ń Gbé

Ara ejò kì í mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bí ti ènìyàn. Nítorí náà ni ó ṣe ń yá oòrùn ní òwúrọ̀. Bí oòrùn bá mú jù, a wọ abẹ́ pákó, òkìtì ewé tàbí ihò. Awọ́nrínwọ́n ní tirẹ̀ kì í jìnnà sí omi, nítorí ẹja, akàn àti ẹyin ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń wá wọn kì í dá lọ. A wọ bàtà gígùn, a mú ọ̀pá àti iná tọ́ọ̀ṣì dání. Ọ̀pá ni ó fi ń gbé pákó sókè; kì í ki ọwọ́ bọ ihò. Lẹ́yìn tí ó bá ti wò ó tán láti òkèèrè, a dá pákó padà sí àyè rẹ̀.

Ohun Tí Ó Kan Onílé

Ibi tí eku àti ọ̀pọ̀lọ́ bá pọ̀ sí ni ejò ń lọ. Ẹni tí ó bá kó ààtàn jọ sí ẹ̀yìnkùlé ń pe eku. Ẹni tí ó sì pe eku ti pe ejò. Ó yẹ kí onílé gé koríko, kí ó dí ihò ara ògiri, kí ó sì mú iná dání bí ó bá ń jáde lóru. Kì í ṣe gbogbo ejò ni ó ní oró: erè kò ní, eku ni ó sì ń bá wa pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá ejò mọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí.

Bí Ejò Bá Ṣán Ènìyàn

Kò yẹ kí a fi abẹ gbẹ́ ojú ibẹ̀, tàbí kí a fi ẹnu fa oró, tàbí kí a fi okùn dì í pinpin. Kí a yọ òrùka kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Kí a fi igi di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kí ó má bàa mì, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Bí ejò bá tutọ́ oró sí ènìyàn lójú, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣan án.

Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò ni ó ń gba ẹ̀mí là. Ọ̀kan wà tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Costa Rica fún Nàìjíríà, tí ó ń ṣẹ́gun oró irú ejò mẹ́ta. Paramọ́lẹ̀ àti ejò tí ń tutọ́ oró wà lára wọn. Ẹni tí ó bá tètè dé ilé ìwòsàn ni abẹ́rẹ́ náà ń ràn lọ́wọ́ jù.