Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Ní Ìkọ̀wé



Ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ ti mọ̀wé kà ní èdè wa. Nísisìyí àwọn ọmọ ilé ń tọ̀ yín wá: «Ìyá, báwo la ṣe ń kọ orúkọ mi?» «Bàbá, ẹ kọ́ èmi náà.» Àwọn mìíràn nínú yín tilẹ̀ ń kó ọmọ méjìlá jọ sábẹ́ igi nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ ká jọ yẹ̀ wò.

Ìka ò dọ́gba. Nínú ọmọ méjìlá yìí, ọ̀kan ti lè kọ orúkọ rẹ̀, òmíràn ò tíì mọ bí a ti ń di ẹfun mú. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó, tí ẹ ní kí gbogbo wọn dà á kọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Èyí tó mọ̀ ọ́n yóò parí kíákíá, yóò bẹ̀rẹ̀ eré. Èyí tí kò mọ̀ yóò máa wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn á fi rẹ́rìn-ín, wọn á pè é ní olódo. Lọ́la, kò ní wá mọ́. Ọmọ tó bá sì ti sá fún ìwé, ó ṣòro kó tó padà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tán kí ẹ tó jókòó síwájú pátákó, ẹ mọ ohun tí ó ná yín.

Kí la ó ṣe? Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí ẹgbẹ́ kékeré.

1. Ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n

Ẹ má fi ọjọ́ orí pín wọn, ẹ má sì fi gíga pín wọn. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wàláà. Ẹ ní kó fa ìlà, kó kọ orúkọ rẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ pè. Ẹ ó rí i pé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n: àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì mọ́ ìkọ̀wé, àwọn tó mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n tí wọn ò lè so ó pọ̀, àti àwọn tó ti ń kọ ọ̀rọ̀.

Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ má pe ẹgbẹ́ kan ní «àwọn tó mọ̀», kí ẹ pe èkejì ní «àwọn tí kò mọ̀». Ẹ sọ wọ́n ní Àgbàdo, Iṣu àti Ẹ̀wà. Kò sí èyí tí a kì í jẹ nínú wọn.

2. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí: ìlú. Gbogbo wọn á jọ pè é, wọn á jọ sọ̀rọ̀ nípa ìlú wa fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà:

Àgbàdo yóò fi ìka kọ i, l, u sínú iyanrìn tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá dára, kí wọ́n kọ ọ́ sórí wàláà. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e la fi ń di ẹfun mú.

Iṣu yóò pín ọ̀rọ̀ náà: ì-lú. Wọn á wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní l: lá, lé, lọ. Wọn á kọ ìlú, wọn á kọ ìlù, wọn á sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí à ń gbé àti ohun tí à ń lù.

Ẹ̀wà yóò kọ gbólóhùn méjì nípa ìlú wa.

Ẹgbẹ́ wo lẹ ó kọ́kọ́ lọ bá? Ẹ fún Ẹ̀wà níṣẹ́ ṣáájú, nítorí wọ́n lè dá a ṣe. Ẹ fún Iṣu ní tiwọn. Kí ẹ wá jókòó ti Àgbàdo. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí kó gba ìṣẹ́jú 20. Ìṣẹ́jú 5 tó kù, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo wọn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé máa ń rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jókòó ti ẹgbẹ́ mìíràn. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n náà ń fẹ́ olùkọ́.

Ọmọ Ẹ̀wà kan lè lọ ran Àgbàdo lọ́wọ́. Kó fi hàn án, ṣùgbọ́n kó má bá a kọ ọ́.

3. Ohun tó yẹ ká ṣọ́

Ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé: ẹ má nà án, ẹ má dè é lọ́wọ́. Bí a ṣe bí i ni. Kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n kó fi òsì kọ̀wé.

Ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ kó tó rí pátákó, tàbí tí kì í dáhùn tí a bá pè é lẹ́yìn: ó lè jẹ́ ojú tàbí etí ló ń dà á láàmú, kì í ṣe orí. Ẹ mú un jókòó níwájú, kí ẹ sì sọ fún òbí rẹ̀ kó mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé Faransé: u ti Faransé kì í ṣe u tiwa. Ohun tí àwa ń kọ ní u, ou ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí pátákó ojú ọ̀nà fi kọ Kétou, tí àwa sì ń kọ Kétu. Tí ọmọ náà bá kọ «ilou», kò ya òmùgọ̀. Ẹ yìn ín, kí ẹ fi ìyàtọ̀ náà hàn án.

4. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ tún wò wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, pẹ̀lú ohun tó ti lè ṣe. Èyí tó bá ti kúrò ní Àgbàdo, kó bọ́ sí Iṣu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ ká jọ dáhùn

Ọmọ mélòó ló wà ní agbo ilé yín tí kò tíì lè kọ orúkọ rẹ̀?
Ta ni wọ́n ń pè ní olódo nínú wọn? Kí ni ọmọ náà lè ṣe dáadáa?
Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọkọ́. Iṣẹ́ wo lẹ ó fún Àgbàdo, Iṣu àti Ẹ̀wà?