Ibo Ni Ká Kọjú Fàráńdà Onínẹ́ẹ̀tì Wa Sí?

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la fẹ́ bá ara wa sọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́lé lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Ohun tó gbajúmọ̀ báyìí ni kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí fàráńdà ká kí ẹ̀fọn má bàa ráyè wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí bíríkìlà tó ta okùn ìpìlẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn: apá ibo ni fàráńdà náà máa kọjú sí? Àwa kò bi ara wa ní ìbéèrè yìí nígbà tí a kọ́ tiwa, ó sì jẹ wá níyà.

Ìbàdàn ni ilé wa wà. Títì wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ilé náà. A ní fàráńdà tó bá kọjú sí títì ló máa buyì kún ilé, ibẹ̀ la sì kọ́ ọ sí. A ra nẹ́ẹ̀tì tó dáa, káfíńtà kàn án mọ́ igi dáadáa, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń padé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun Àlàásárì tán, oòrùn á dojú kọ fàráńdà náà gan-an. Ògiri á gbóná, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ á gbóná, ooru náà kò sì ní í lọ títí di ẹ̀yìn Ìṣáì. Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀? Àwọn ọmọ fi fàráńdà sílẹ̀, wọ́n ń lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níwájú ilé, níbi tí atẹ́gùn wà. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọn wà.

Nígbà òjò ọdún yẹn, ibà mú ọmọ wa kékeré débi pé ó di gìrì. Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní ọsibítù. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi wá pé, “Bàbá, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lọmọ yìí máa ń wà láàárín Mọ̀gàríbì sí Ìṣáì?” A wo ara wa, a kò lè dáhùn. A ti náwó sórí nẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ìta lọmọ ń wà. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀fọn ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló fà á, nítorí ẹ̀fọn lè jẹ ọmọ nínú yàrá pẹ̀lú. Àmọ́ ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn la gbé délé. Nẹ́ẹ̀tì tí ooru kò jẹ́ kéèyàn lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí nẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Ní ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1900, àwọn dókítà méjì, Louis Sambon àti George Carmichael Low, lọ gbé nínú ilé pákó kan létí àbàtà nítòsí ìlú Róòmù ní Ítálì, ní àgbègbè tí ibà ti ń pa àwọn èèyàn. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ilé náà. Lójú ọ̀sán wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti wọlé, wọn kì í sì í jáde títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n lo ìgbà ibà yẹn tán, ibà kò sì mú wọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì nìkan. Wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní àkókò tó yẹ.

Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun, Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ti kọ́ wa tipẹ́ pé kí a kó àwọn ọmọ wa wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ọ̀rọ̀ àwọn ṣàítánì tó ń jáde lásìkò náà ni ó fi ṣe ìdí rẹ̀, ìgbọràn sí àṣẹ yìí sì tó wa. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹni, ó sì ń jẹ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Fàráńdà tó tutù ló máa jẹ́ kí ó rọrùn fún ọmọ láti wà nínú ilé lásìkò náà.

Oòrùn àti atẹ́gùn ilẹ̀ wa

Ní ìgbà òjò, láti bí oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára láti ọ̀nà òkun wá, ìyẹn láàárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ó ń ti aṣálẹ̀ wá láàárín àríwá àti ìlà oòrùn, pẹ̀lú eruku. Òjò oníjì tó ń ṣí òrùlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tún máa ń dín atẹ́gùn kù, nítorí náà kò yẹ ká kọ̀yìn sí ìwọ̀nba èyí tó ń bọ̀.

Pẹ̀lú èyí, gúúsù ló dára jù fún fàráńdà lọ́pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá. Á rí atẹ́gùn òkun gbà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò sì ní í dojú kọ ọ́. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lókè, pánù tí a bá fà jáde dáadáa á bò ó. Àríwá ló tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ máa ń ní ibòòji, àmọ́ inú ilé ni atẹ́gùn òkun gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ óò sì máa gbá eruku nígbà ọyẹ́. Ìlà oòrùn dára ní ìrọ̀lẹ́, torí ilé á ti ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n òjò oníjì á máa fọ́n wọ ibẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló kẹ́yìn. Oòrùn Àlàásárì máa ń wà nísàlẹ̀, abẹ́ pánù ló ń gbà wọlé, kò sí bí pánù ṣe lè gùn tó tó máa dí i tán.

Kí ẹ tó kọ́lé, ẹ lọ sórí ilẹ̀ yín lásìkò Àlàásárì fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀, ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lórí, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ àti ibi tí òjìji igi náà ń bọ́ sí. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Gábàsì ńkọ́?

Àwọn kan rò pé gábàsì ni fàráńdà Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ẹ̀sìn kò pa á láṣẹ. Ìrun là ń kọjú sí gábàsì kí. Ní Ìbàdàn, gábàsì wà láàárín àríwá àti ìlà oòrùn, ní nǹkan bí dígírì 64 láti àríwá lórí kọ́ńpáàsì. Tí ẹ bá fẹ́ máa kírun ní fàráńdà, ẹ ní kí wọ́n to táìlì ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà gábàsì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gba ìṣọ́ra ní ti gábàsì. Ẹ bi ààfáà yín kí wọ́n tó gbé àwo kalẹ̀.

Ojú aládùúgbò àti èéfín

Ẹ wo fèrèsé aládùúgbò náà. Lọ́sàn-án, ẹni tó wà níta kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ tí iná bá wà nínú fàráńdà, gbogbo ara ló ń hàn. Ìyá ilé àti àwọn ọmọbìnrin yẹ kí wọ́n lè jókòó níbẹ̀ láìsí ìnira. Ẹ mọ ògiri rẹ̀ dé ibi tó máa bo ẹni tó jókòó, kí ẹ sì fi kọ́tìnì sí apá tó kọjú sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí apá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ má sì gbé e sínú fàráńdà láé, bí nẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ yí i ká. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé yín àti sí fèrèsé aládùúgbò, nítorí Ànọ́bì wa kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ni ẹlòmíràn lára.

Tí ilé bá ti dúró ńkọ́?

Àwa kò wó tiwa. A fi ẹní àti aṣọ nípọn ṣe ìbòjú sí apá ìwọ̀ oòrùn, à ń sọ ọ́ kalẹ̀ kí Àlàásárì tó wọlé. A gbin igi méjì síta. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà, a fi nẹ́ẹ̀tì yí ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí gúúsù ká. Ibẹ̀ kéré, ẹní méjì ló gbà, a sì ṣí fèrèsé kan sí ọ̀kánkán rẹ̀ kí atẹ́gùn tó wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Ihò nẹ́ẹ̀tì náà kò ju mìlímítà 1.5 lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ya, a sì ń da omi tó bá dúró sínú agolo àti táyà nù.

A kò sọ pé ibà kò lè wọlé wa mọ́. A ṣì ń sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn, a sì ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ fún àyẹ̀wò kíákíá. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gbé wàláà àti ìwé wọn lọ sí fàráńdà kékeré yẹn. A kì í pariwo lé wọn lórí kí wọ́n tó wọlé mọ́.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sí ilé gbogbo wa, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.